Ọkọ̀ Ń Gbọ̀n, Etí Ò Gbọ́

Elétí ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Àwọn oníbàárà ló fún mi, èmi náà ò sì kọ̀ ọ́, nítorí ó ń dùn mọ́ mi nínú. Mẹkáníìkì ni mí. Láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ohun tí wọ́n sì mọ̀ mí mọ́ ni pé n kì í kánjú ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí o bá gbé ọkọ̀ wá, màá ní kí o tẹ iná sí i, màá di ojú mi pinpin, màá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹyẹ tó ń ṣọ́ kòkòrò, màá wá rọra sọ pé, "Póòmpù omi ni." Ẹnu á ya gbogbo èèyàn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí ni ìdí tí mo fi ń di ojú. Ṣebí etí ni mo fi ń gbọ́, kí ni ojú ṣe? Eré lásán ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, oníbàárà fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà kó tó páàkì tán. Èmi kàn ń dá a padà fún un ní ohùn tó wúwo díẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ ní kí ayàwòrán kan ya etí ńlá sára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wa. Ó ya á tán, ó jọ ìkarahun ìgbín. Àwọn kan ti yà wọlé rí láti wá ra ìgbín lọ́wọ́ mi.

Èmi àti oníwáyà ọkọ̀ la jọ wà nínú ọgbà yẹn. Òun ń tún iná ọkọ̀ ṣe, èmi ń tún ìyókù ṣe. Èèyàn dáadáa ni, àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu dé.

Nílé, ìyàwó mi ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Ẹ̀rọ ìránṣọ gba ojú fèrèsé, tábìlì tó fi ń gé aṣọ gba àárín yàrá, èmi àti àga mi wá há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó wá gba aṣọ tí wọn ò tíì rán tán. Àwọn ìbejì wa ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ, àmọ́ Bàbá Ìbejì ni wọ́n ṣì ń pè mí nílé. Yàrá tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi wà báyìí, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí. Màmá ti dàgbà gan-an. Eyín àtọwọ́dá ló wà lókè ẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré sì wà létí rẹ̀, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbé e lọ sí ọsibítù níbi tí wọ́n ti ń bá a na ẹsẹ̀, kó lè padà máa rìn láìlo ọ̀pá.

Ọkọ̀ tí mo fi ń gbé e dàgbà ju àwọn ọmọ mi lọ. Ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni, àwọn tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n lọ. Irin gígùn kan gba abẹ́ ọkọ̀ náà kọjá, láti ibi jíà lọ dé ẹ̀yìn. Irin yẹn ló ń gbé agbára lọ fún táyà, òun la sì ń pè ní pòròpẹ́là. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ti ń ṣí, ilẹ̀kùn kan ò ṣeé ṣí láti ìta, síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyàwó mi á ní, "Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyáálé mi."

Ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, èmi àti Màmá ń lọ sí ọsibítù ní àárọ̀. A kúrò láàárín ilé, a bọ́ sí títì gbọọrọ, mo wá tẹ iná mọ́ ọn. Bí eré ọkọ̀ ṣe kan ọgọ́ta báyìí ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ wa bí ẹni tí òtútù ń mú. Gbùrù-gbùrù-gbùrù. Màmá yára fi ọwọ́ di ẹnu rẹ̀ mú.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "ṣé ọkọ̀ ló ń gbọ̀n ni àbí èmi?"

"Ọ̀nà ni, Màmá."

"Ọ̀nà wo? Ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí yìí?"

Mo dẹ ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o rí i," Màmá ní, "bó o bá ti tẹ̀ ẹ́, eyín mi á máa jó. Bó o bá ti dẹ̀ ẹ́, á jókòó. Má kó o bá ọ̀nà, jàre."

Bí mo ṣe dé ọgbà lọ́jọ́ náà, mo gbé ọkọ̀ mi síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí mi. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì ni, mo lè wò ó ní kọ̀rọ̀. Tèmi, mo fẹ́ kí wọ́n rí bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é. Mo ní kí oníwáyà jókòó síbi ìwakọ̀ kó tẹ iná sí i. Mo di ojú. Mo gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Táyà ni," mo kéde.

Oníwáyà yọ orí síta. "Ọ̀gá, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan o. Táyà ò yí. Báwo lẹ ṣe gbọ́ ohùn táyà?"

Ìbéèrè yẹn dáa, nítorí náà mo bínú sí i. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọganáísà tó wà ní ìkóríta, mo ní kó bá mi wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ibì kan wúwo ju ibì kan lọ. Ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òjé pẹlẹbẹ mọ́ wọn lára títí gbogbo wọn fi ń yí láìmì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún bọ́ sí títì gbọọrọ, eyín Màmá tún gbéra.

Mo tún di ojú, mo ní sítì ẹ́ńjìnnì ni, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé kó má baà máa ta ká. Mo yọ èyí tó wà níbẹ̀, mo fi tuntun sí i. Kí n sọ òtítọ́, èyí tí mo yọ dára ju èyí tí mo fi sí i lọ. Lọ́jọ́ tí a máa dán an wò, Màmá yọ eyín rẹ̀ kí a tó kúrò nílé, ó dì í sínú áńkáṣíìfù, ó ní òun ò fẹ́ gbé e mì. Ó bá mi sọ̀rọ̀ láìsí eyín lẹ́nu títí a fi dé ọsibítù. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Mo kàn ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ọkọ̀ ń gbọ̀n ní tirẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní búrẹ́kì ni. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á ti bi ara rẹ̀ léèrè pé, ṣé mo tẹ búrẹ́kì nígbà tí ọkọ̀ ń gbọ̀n? Mi ò bi ara mi. Mo ti kéde, ó ti parí. Mo pààrọ̀ àwo búrẹ́kì iwájú méjèèjì, mo sì wá ní ọkọ̀ tó ń gbọ̀n tó tún ń dúró dáadáa.

Oníwáyà ní kí n jẹ́ kí òun bá mi jókòó nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. A bọ́ sí títì, ó sì na ìka sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ohùn yẹn, àbí? Ó ń ké wùùù, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Lábẹ́ àga wa níbí."

"Mo ń gbọ́ ọ," mo ní.

Irọ́ ni. Mi ò gbọ́ wùùù kankan. Ìyẹn gan-an ló sì yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, bí kì í bá ṣe pé ó ń tì mí lójú.

Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn ò la ẹnu mọ́. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n náà ti di ọ̀lẹ, mo sì ń yí ohùn rẹ̀ sókè láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi ń rán aṣọ ìyàwó kan, ó ní, "Ẹ bá mi mú ìlẹ̀kẹ̀." Mo dìde, mo lọ ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìyàwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn wa dókè ni, ó wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ gan-an ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́. Títí dòní, ó gbà pé èmi ò fẹ́ kí òun lọ́kọ.

Èyí tó burú jù ni ti olùkọ́ kan, obìnrin jẹ́jẹ́, oníbàárà mi. Ó pè mí lórí fóònù nígbà tí mo wà nínú ọgbà pẹ̀lú oníwáyà.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ọkọ̀ mi kú sójú ọ̀nà."

Àmọ́ ohun tí etí tèmi gbé wọlé ni pé ọkọ obìnrin yìí ti kú.

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o," mo ní. "Ọlọ́run á tù yín nínú. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìsinsìnyí ni. Ó kàn wúkọ́ díẹ̀, ó sì dákẹ́."

"Olúwa ò! Ṣé ó ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ wò ó lóṣù tó kọjá, tẹ́ ẹ ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí gbogbo ibi tí mo dé lóṣù tó kọjá. "Èmi kọ́ o! Mi ò fọwọ́ kàn án rárá!"

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án kẹ̀? Nígbà tẹ́ ẹ tú gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi! Ẹ jọ̀ọ́, mo dá dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, oòrùn ń pa mí. Àwọn ọkùnrin kan ti bá mi tì í kúrò láàárín ọ̀nà. Ẹ máa bọ̀ wá jí i fún mi."

Oníwáyà ti ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí bí mo ṣe ń yí ohùn fóònù mi sókè nígbà yẹn, ará àdúgbò lè bá wa dá sí i. Ó ti jókòó sílẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ̀!" ó ń pariwo. "Ọkọ̀ ni obìnrin yẹn ń wí, ọ̀gá! Ọkọ̀ tó ń rìn!"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," mo ní.

Mo lọ, mo jí ọkọ̀ olùkọ́ náà, wáyà kan ló já. Kò wojú mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló tún kan Màmá. A ń lọ sí ọsibítù, ọkọ̀ ti wá ń gbọ̀n kọjá sísọ. Lójijì, dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn já kúrò lókè, ó bọ́ sórí itan Màmá. Ó gbé e, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe dáadáa, ó wá ní, "Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Láti ìgbà wo ni etí rẹ ti ń ṣe báyìí?"

"Etí mi kẹ̀? Màmá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ là ń sọ."

"Mo mọ èyí tí mò ń sọ. Bí àwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, wàá kọ́kọ́ wojú wọn kí ìwọ náà tó rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ mi bá bi ọ́ ní nǹkan, èyí tí kò bi ọ́ lo máa ń dáhùn. Èmi náà ṣe é rí. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó mú mi. Mo jó níbi ìsìnkú kan, mo rò pé ìgbéyàwó ni."

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń bínú sí ìyá ìyàwó ẹni tó gbé dígí ọkọ̀ ẹni lé itan? Mo di ọwọ́ ìwakọ̀ mú, mo ń wo iwájú. Ta ló máa gbé ọkọ̀ wá fún Elétí tí kò gbọ́ràn? Mo rò ó títí mo fi gbàgbé pé a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Màmá nu dígí náà mọ́ra aṣọ rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá a na ẹsẹ̀ tán, tí a fẹ́ máa padà sílé, ó yọ ẹ̀rọ létí rẹ̀, ó jù ú sínú báàgì.

"Kí lẹ ń yọ ọ́ fún?" mo bi í.

"N kò gbọ́ ohun tí ò ń sọ," ó ní, tòun ti ẹ̀rín. "Ìwọ náà ò gbọ́ mi. Ó dọ́gba. Jẹ́ ká yọ ọ̀rọ̀ etí kúrò nínú ẹ̀. Wa ọkọ̀ ẹ. Ìbàdí mi ni màá fi wò ó. Wọ́n gé e, wọ́n tún un tò, kò sí ohun tó ń kọjá tí kì í mọ̀."

A bọ́ sí títì. Mo tẹ iná. Gbùrù-gbùrù bẹ̀rẹ̀.

"Ó dé!" Màmá kígbe. Nígbà tí kò sí ẹ̀rọ létí rẹ̀, kò mọ bí ohùn òun ṣe ga tó.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti ń gbọ̀n, mo pa etí tì, mo fi ara gbọ́ ọ. Ọwọ́ ìwakọ̀ dúró jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ táyà iwájú ni, ọwọ́ mi ni ì bá kọ́kọ́ máa jó. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, mo ju jíà sí fíríì lórí eré. Ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí wúyẹ́wúyẹ́, ọkọ̀ sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Àmọ́ gbígbọ̀n yẹn ò yí padà rárá. Ṣé ẹ wá rí i? Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí sítì rẹ̀ ni, ó yẹ kí ó bá ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Ohun tó bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́, ohun tó ń bá táyà yí ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Èmi ọ̀gá, mo ti ra búrẹ́kì tuntun.

Màmá gbé ọwọ́ lé ibi tó ga láàárín àga wa méjèèjì.

"Ibí ni!" ó kígbe. "Ó ń sáré lábẹ́ ọwọ́ mi bí eku nínú àpò! Kí ló wà níbí?"

"Pòròpẹ́là!"

"Kí ló ní?"

"PÒRÒPẸ́LÀ! Irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn!"

Awakọ̀ kan tó fẹ́ kọjá wa wò wá tàánútàánú. Ó rò pé ìjà là ń jà.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Màmá bi mí.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ wọ ọgbà mi, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi í nìyẹn. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí lẹ ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀? Mi ò bi ara mi rí, torí ọkọ̀ mi ni, èmi sì ni mẹkáníìkì rẹ̀, ta ló máa bi mí?

"Ọ̀sẹ̀ tí mo tú u láti pààrọ̀ kúrọ́ọ̀sì rẹ̀ ni," mo ní, ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Sọ̀rọ̀ sókè!"

"ÈMI NI MO TÚ U! ÈMI NI!"

"Ẹn-ẹ́n," Màmá ní, ó sì fara ti àga.

Mo gbé e dé ilé, mo kọjá sí ọgbà. Mo jáàkì ọkọ̀ sókè, mo fi igi dá a dúró, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ dá ṣe é ní jẹ́jẹ́ mi, àmọ́ mo nílò ẹni tó máa gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹni kan ṣoṣo tó sì wà ní tòsí ni oníwáyà.

Bí pòròpẹ́là ṣe rí rèé. Irin méjì ló fi eyín wọ inú ara wọn, ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan tó là sí méjì bí àmúga, níbi tí kúrọ́ọ̀sì ń jókòó. Kúrọ́ọ̀sì yẹn ni oríkèé rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó lè tẹ̀ bí ọkọ̀ bá wọ kòtò. Àmúga iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Bí ọ̀kan bá dúró tí ìkejì dùbúlẹ̀, irin náà á máa sáré, á máa fà sẹ́yìn, nínú yíyí ẹyọ kan ṣoṣo. Bí eré bá kéré, o ò ní mọ̀. Bí eré bá pọ̀, eyín ìyá ìyàwó rẹ á sọ fún ọ.

Oníwáyà tan tọ́ọ̀ṣì síwájú. Àmúga iwájú dúró ṣánṣán. Ó tan án sẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn dùbúlẹ̀ gbalaja.

Gbogbo rẹ̀ padà wá sí mi lórí. Mo sàmì sí i kí n tó tú u. Ẹ gbọ́, mo sàmì sí i! Mo fi ẹfun fa ìlà gbọọrọ sára irin méjèèjì, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe kọjú síra. Mo pààrọ̀ kúrọ́ọ̀sì, ó jókòó dáadáa, inú mi dùn, mo wá wo irin náà, mo ní irú iṣẹ́ báyìí ò yẹ kó dọ̀tí. Mo bu pẹtiróòlù sínú agolo, mo mú àkísà, mo fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán bí ìkòkò ìyàwó tuntun. Mo fọ gíríìsì, mo fọ ẹrẹ̀, mo sì fọ àmì mi náà dànù tọwọ́tẹsẹ̀. Mo wá kì wọ́n bọ ara wọn bí ọwọ́ ṣe bà wọ́n.

"Ọ̀gá," oníwáyà ní láti òkè, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n ju ọkọ̀ lọ, "ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

Fún ìṣẹ́jú kan, mo ronú irọ́. Mo fẹ́ ní ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ló ṣe é. "Bá mi tan iná yẹn síbí," mo ní. Tọ́ọ̀ṣì ti wà nílẹ̀. Oníwáyà ti wà lórí táyà kan, ó di ikùn mú.

Ṣíṣe rẹ̀ ò gbà mí ní nǹkan kan. Mo tú bóòtù ẹ̀yìn, mo fa irin náà jáde, mo yí i títí àmúga méjèèjì fi wo ara wọn, mo kì í bọ eyín rẹ̀, mo dè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ṣísẹ́lì ni mo fi sàmì. Kí ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ máa fọ̀ ọ́ lọ. A gbé e bọ́ sí títì, èmi àti oníwáyà. Ọgọ́ta, kò mì. Ọgọ́rin, ó ń lọ geere bí ọkọ̀ ojú omi. Oníwáyà ní wùùù náà ti lọ. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Inú mi dùn, síbẹ̀ ara mi ò yá. Àtúnṣe ọkọ̀ ti tán, ó wá ku èmi.

Nígbà tí mo tún gbé Màmá lọ sí ọsibítù, kò wọlé síbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ níwájú mi, ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun, ó kọjá ibi tí àwọn aláboyún jókòó sí, ó sì dúró níwájú ilẹ̀kùn àwọn tó ń wo etí. "Wọlé," ó ní. "Màá wà níbí. O ò lè sá, mo yára jù ọ́ lọ báyìí."

Nọ́ọ̀sì kan mú mi wọ yàrá kékeré tí ògiri rẹ̀ rọ̀ bí tìmùtìmù, ó fi nǹkan bo etí mi méjèèjì, ó ní bí mo bá ti gbọ́ ohùn, kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo rí i láti ojú gíláàsì pé bó bá ti fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́, èjìká rẹ̀ á mì díẹ̀. Mo ń wo èjìká, mo ń tẹ bọ́tìnnì. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó wá yí àga rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí mi. Láti ìgbà náà lọ, mo jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

"Bàbá," ó ní nígbà tó parí, ó sì rọra la ẹnu kí n lè gbọ́, "àwọn ohùn tó rẹlẹ̀, ẹ ń gbọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó tínrín ti lọ. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mẹkáníìkì."

"Wọ́n á tún máa pè yín ní orúkọ ìnagijẹ kan, àbí? Gbogbo mẹkáníìkì ló ń ní."

"Rárá o," mo ní. "Wọn ò pè mí ní nǹkan kan."

Òòlù ló ba etí mi jẹ́, wọ́n ní, àti ẹ́ńjìnnì tí mo ti ń gbé orí lé láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń rìn jáde, mo gbọ́ bàtà ara mi, mo yí ẹ̀yìn wò, mo rò pé ẹnì kan ń tẹ̀ lé mi ni.

Nílé, mo jókòó sórí àga mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó mi ń ránṣọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń sọ tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́, àmọ́ nǹkan kan tún wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń kọrin. Kò la ẹnu, imú ló fi ń kọ ọ́, jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo ń wá a lọ sílé wọn, bó ṣe ń kọrin nìyẹn bó bá ń gbálẹ̀. Mo ti rò pé ó ti pẹ́ tó ti pa á tì. Mi ò sọ fún un. Mo fa fìlà mi wálẹ̀ díẹ̀, mo ṣe bí ẹni pé oorun ń kùn mí, mo ń gbọ́ ọ títí ó fi rán apá aṣọ kan tán.

Lópin ọ̀sẹ̀, ó ní ká jọ jáde. Ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó de bẹ́líìtì, a gbéra. Ọkọ̀ ò gbọ̀n. Mo ń gbádùn ara mi, àmọ́ mi ò tíì jìnnà tí mo fi mọ̀ pé ìyàwó mi ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa bí mo ṣe ń wakọ̀. Ó ní mo sún mọ́ ẹni tó wà níwájú jù. Ó ní mi ò tan iná kí n tó yà. Ó jọ pé ó ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Níbo là ń lọ gan-an?" mo bi í.

"Ibi ṣọ́ọ̀bù náà."

"Ṣọ́ọ̀bù wo?"

Ó yíjú sí mi. "Bàbá Ìbejì. Ṣọ́ọ̀bù tí mo gbà. Èyí tó ní fèrèsé ńlá, tí mo fẹ́ kó ẹ̀rọ mi lọ. Mo bi yín kí n tó gbà á. Mo tún bi yín nígbà tí mo gbà á tán. Ẹ ní inú yín dùn sí i. Ẹ tiẹ̀ ní kí n wá ọkùnrin kan tó máa fi ọ̀dà kùn ún."

Mo ń wo títì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fi ọgbọ́n yọ ara mi nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí rí, mo wá ọgbọ́n náà, mi ò rí i.

"Ọ̀dà wo ni mo ní kó fi kùn ún?" mo bi í.

"Aláwọ̀ ewé," ó ní. "Ẹ yà sí ọ̀tún níbí. Ẹ tan iná."

Mo tan iná, mo yà sí ọ̀tún.